Ẹ́ńjìnì wo ni kí ẹ mú nínú jíìpù tuntun? Ohun tí nọ́ńbà inú ìwé ń sọ, àti ohun tó ń fi pamọ́

Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá fẹ́ gbé jíìpù agbedeméjì tuntun jáde, fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn wá. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan tó kún fún nọ́ńbà àti lẹ́tà á tẹ̀ lé e: 2.5T, 3.5 V6, HEV, PHEV. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà á wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo pé, "Èwo ló lágbára jù níbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Láyé ìsinsìnyí, ẹ́ńjìnì tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù lórí ìwé lè máa fà bí ìgbín nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀, kí èyí tí ẹ fojú di sì ti gbéra lọ. Ohun tó yẹ ká bi ẹ́ńjìnì ni pé: ìgbà wo ni agbára rẹ máa ń dé, kí lo sì máa gbà lọ́wọ́ mi kó tó dé?

Jíìpù agbedeméjì tí mò ń sọ ni àwọn tó tóbi ju kékeré tí èèyàn márùn-ún ń há sí, àmọ́ tí wọn ò tíì di ọkọ̀ akẹ́rù. Toyota Highlander, Honda Pilot, Hyundai Palisade, Kia Sorento, Mazda CX-90 àti Ford Explorer, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, wọ́n sì sún mọ́ tọ́ọ̀nù 2 kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú wọn. Ìwọ̀n yẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì wọn le ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Ọkọ̀ kékeré lè fi ẹ́ńjìnì aláìlágbára gbé ara rẹ̀ kiri. Jíìpù tí ọmọ àti ẹrù kún inú rẹ̀, tí ẹ́síì tún ń ṣiṣẹ́, kò lè dán irú ẹ̀ wò.

Lítà àti sílíńdà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nọ́ńbà tó máa ń wà níwájú. 2.5 tàbí 3.5 kì í ṣe iye epo tí táǹkì ń gbà, kì í sì í ṣe iye ọ́ìlì. Nínú ẹ́ńjìnì, àwọn ihò irin róbótó kan wà tí à ń pè ní sílíńdà. Písítìnì kan wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Àyè tí gbogbo písítìnì wọ̀nyẹn ń gbá kọjá, tí ẹ bá rò ó pọ̀, òun ni iye lítà tí wọ́n ń kọ.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ mú ẹ́ńjìnì lítà 2.4 tó ní sílíńdà 4. Bí ẹ bá pín in, sílíńdà kọ̀ọ̀kan á jẹ́ lítà 0.6. Ẹ mú V6 lítà 3.5. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan á jẹ́ nǹkan bíi lítà 0.58. Ihò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Pípọ̀ ni ihò V6 fi ju ti èkejì lọ, kì í ṣe títóbi. Lẹ́tà "V" sì kàn ń sọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n ni: mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ bíi lẹ́tà V. Mazda to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìlà kan ṣoṣo nínú CX-90 tirẹ̀, èyí tó jẹ́ lítà 3.3, ó sì wà lára ohun tó mú kí imú ọkọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀.

Epo kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Kí kìlò 1 bẹntiróòlù tó jó tán dáadáa, ó nílò nǹkan bíi kìlò 14.7 afẹ́fẹ́. Ṣé ẹ rí i pé wíwá afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀? Èèyàn lè máa da epo sínú ẹ́ńjìnì bó ṣe wù ú; bí afẹ́fẹ́ ò bá tó, èéfín dúdú lásán ló máa bá jáde. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnì lágbára sí i, ká fi ihò kún ihò ni, àbí ká ki afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ihò tó wà nílẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni V6 gbà. Ìkejì ni tọ́bò, òun ni "T" inú 2.5T.

Bí tọ́bò ṣe ń ṣe é nìyí. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ní agbára nínú, òfò sì ni agbára náà ń bá lọ. Tọ́bò gbé fáànù kékeré kan dínà rẹ̀. Bí èéfín ṣe ń yí fáànù yìí, ọ̀pá irin kan so ó mọ́ fáànù kejì, fáànù kejì á máa fa afẹ́fẹ́ láti ìta, á fún un pọ̀, á sì kì í wọ inú sílíńdà. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ yìí lọ́dún 1905. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà. Irin tó lè fara da ooru rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ni tuntun.

295 àti 265

Kí ọ̀rọ̀ tọ́bò àti V6 tó lè yé èèyàn, ọkọ̀ kan tó ti lo méjèèjì ló dáa ká wò. Ní Amẹ́ríkà, V6 lítà 3.5 ló wà nínú Toyota Highlander ọdún 2022. Nígbà tó di ti ọdún 2023, Toyota yọ ọ́, wọ́n fi tọ́bò lítà 2.4 oní-sílíńdà 4 dípò rẹ̀. Agbára ẹṣin já wálẹ̀ láti 295 sí 265. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn nìkan á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Àmọ́ nọ́ńbà kejì wà tí kì í sábà gba ojú àkọlé, ìyẹn tọ́ọ̀kì. Tọ́ọ̀kì V6 yẹn jẹ́ 357 Nm (Nm ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tọ́ọ̀kì), ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 4,700 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ti tọ́bò jẹ́ 420 Nm, láti orí 1,700 ló sì ti pé.

Kí ni tọ́ọ̀kì? Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀. Agbára èjìká tí ẹ fi ń tì í kó tó mira, tọ́ọ̀kì nìyẹn. Agbára ẹṣin ní tirẹ̀ ni iye iṣẹ́ tí ẹ rí ṣe láàárín àkókò kan, ìyẹn ni pé ẹ mú agbára èjìká, ẹ fi bí ẹ ṣe yára tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ́ńjìnì tí èjìká rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le lè tipa báyìí ní agbára ẹṣin rẹpẹtẹ, bó bá ṣáà ti lè yí kíákíá. V6 inú Highlander yẹn gbọ́dọ̀ dé 6,600 kó tó fún yín ní 295 tí wọ́n kọ síwèé. Ta ló ń wakọ̀ ní 6,600? Ẹ tẹ tọ́tù dé ibẹ̀ kí ẹ wo bí àwọn tó jókòó sẹ́yìn á ṣe máa pe orúkọ yín. Nínú ìrìn ojoojúmọ́, àárín 1,500 sí 3,000 ni ẹ́ńjìnì sábà máa ń wà, ibẹ̀ gan-an sì ni tọ́bò kékeré yẹn ti ń ṣe ọ̀gá. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Fáànù tọ́bò ní láti kọ́kọ́ yí kó tó ki afẹ́fẹ́, nítorí náà bí ẹ bá já tọ́tù mọ́ ọn lójijì, ó máa ń lọ́ra díẹ̀ kó tó dáhùn. V6 kì í lọ́ra bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe kàn án báyìí ló ń jẹ́ yín, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ sì ń gòkè. Ìyẹn ni àwọn tó fẹ́ràn V6 ń pè ní "dídùn", n kò sì lè bá wọn jiyàn.

Epo ńkọ́? Níbi tí ariwo ti pọ̀ jù nìyí. Àyẹ̀wò EPA, àjọ tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń mu epo ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé Highlander onítáyà-iwájú tó lo V6 ń mu nǹkan bíi lítà 9.8 fún kìlómítà 100. Oní-tọ́bò ń mu 9.4. Lítà 0.4 péré ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé tọ́bò máa ń dá epo dúró, ẹ bi í pé lábẹ́ ẹsẹ̀ ta ni. Nígbà tí ẹ bá rọra ń lọ, sílíńdà 4 ló ń jẹun. Gbàrà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ bá a, ẹ́ńjìnì kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí àgbà. Ẹ rántí 14.7 yẹn: kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè ta sí i. Ìdí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi fẹ́ràn tọ́bò ni pé nínú àyẹ̀wò ìjọba, wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ ọkọ̀ ní ìtẹ̀ àṣejù, èsì ẹ́ńjìnì kékeré sì máa ń dára níbẹ̀.

Tọ́bò tún ní ẹ̀tọ́ tó ń gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Fáànù inú rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, inú ooru ló sì wà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń gbà á sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá ń sún ọjọ́ pípààrọ̀ ọ́ìlì síwájú lórí V6 àtijọ́ lè mú un jẹ fún ọdún púpọ̀. Tọ́bò kì í dárí ji irú ẹni bẹ́ẹ̀. Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Nínú ẹ́ńjìnì kékeré tí wọ́n ń ki afẹ́fẹ́ mọ́, bí ẹ bá tẹ tọ́tù líle nígbà tí ó ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀, epo lè gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó, kó sì lu písítìnì. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìwọ̀n ọ́ìlì tuntun jáde, API SN Plus lọ́dún 2018 àti API SP lọ́dún 2020. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá ní SP, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da èyí tó wà nílẹ̀ látijọ́ sí i pé "ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́".

Òmíràn ni bí epo ṣe ń wọlé. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnì tuntun ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà. Ó dára fún agbára, àmọ́ epo kò fọ ẹ̀yìn fáàfù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbin dúdú á sì máa kó jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Toyota àti àwọn mìíràn wá ń lo ọ̀nà méjì pọ̀: wọ́n ń fọ́n díẹ̀ sínú, wọ́n ń fọ́n díẹ̀ sẹ́yìn fáàfù. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé pé ẹ́ńjìnì ní oríṣi ìfọ́n-epo méjèèjì, ohun rere ni.

Ọ̀rọ̀ epo tún rán mi létí nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi ìràwọ̀ kékeré sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mazda kọ agbára ẹṣin 340 sí ẹ́ńjìnì alágbára inú CX-90 Turbo S. Òótọ́ ni, bí ẹ bá ra bẹntiróòlù tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga. Bí ẹ bá ra èyí tí gbogbo ayé ń rà, ó di 319. Ọ́kítéènì kì í ṣe agbára epo o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báyẹn ni wọ́n ń polówó rẹ̀. Agídí epo ni: bó ṣe lè kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un pọ̀. Ẹ́ńjìnì tí wọn ò ṣe fún un kò ní jèrè nǹkan kan níbẹ̀.

Ta ló ṣì ń ṣe V6?

Wọn ò tíì tán. Honda Pilot ṣì ń lo V6 lítà 3.5 tí kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin 285. Ti Nissan Pathfinder jẹ́ 284. Hyundai pa V6 lítà 3.8 inú Palisade tì fún ti ọdún 2026, síbẹ̀ V6 mìíràn, lítà 3.5, ló fi rọ́pò rẹ̀. Lódì kejì, Volkswagen yọ ọ́ kúrò nínú Atlas ọdún 2024, Chevrolet sì fi tọ́bò lítà 2.5 rọ́pò rẹ̀ nínú Traverse, agbára ẹṣin sì gòkè láti 310 sí 328. Nínú Ford Explorer, méjèèjì wà pa pọ̀, nítorí V6 lítà 3.0 inú rẹ̀ ní tọ́bò tirẹ̀, ó sì ń fúnni ní 400. Ẹ wò ó dáadáa: "V6" kò túmọ̀ sí "kò ní tọ́bò". Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti gbọ́ ọ kí àwọn èèyàn máa jà lórí èyí!

Bó bá jẹ́ èmi, V6 tí kò ní tọ́bò ni mo máa fún ẹni tó fẹ́ lo ọkọ̀ títí táá fi gbó, tó sì ń rin ìrìn àjò gígùn ju ti àárín ìgboro lọ. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kéré. Àmọ́ kí ẹ má rò pé ẹ́ńjìnì àtijọ́ pọ́nbélé ni: ti Honda náà máa ń pa sílíńdà díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà gbọọrọ, kó lè fi epo pamọ́.

Háíbíríìdì: orúkọ kan, ẹ̀dá mẹ́ta

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ jù, nítorí ohun mẹ́ta tí kò jọra ni wọ́n ń fi orúkọ kan pè. Gbogbo wọn ní ẹ́ńjìnì epo àti mọ́tọ̀ oníná (mọ́tọ̀, kì í ṣe mọ́tò tí à ń gùn). Iṣẹ́ tí wọ́n fún mọ́tọ̀ oníná náà ni wọ́n fi yàtọ̀.

Èyí tó rọ jù lọ ni wọ́n ń pè ní 48V. Mọ́tọ̀ rẹ̀ kékeré, bátìrì rẹ̀ kékeré. Ó ń ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ láti gbéra, ó ń mú kó tètè tan, àmọ́ kò lè dá gbé ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Sílíńdà 6 inú CX-90 ní i. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ "hybrid" lára irú ọkọ̀ yìí, ẹ má retí pé owó epo yín á dín kù lọ́nà tí ẹ máa fi pe ẹbí jọ.

Háíbíríìdì gan-an, tí wọ́n ń kọ ní HEV, ni ìkejì, irú èyí tí Toyota kọ́kọ́ tà fún aráàlú lọ́dún 1997 nínú Prius. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wa ọ̀kan, mo jókòó, mo tẹ bọ́tìnì, n kò gbọ́ nǹkan kan, mo bá tún un tẹ̀, mo bá pa á. Ó ti tàn láti ìgbà àkọ́kọ́. Mọ́tọ̀ oníná ni kì í pariwo. Ẹ ò ní máa ki í mọ́ iná. Fúnra rẹ̀ ló ń rọ bátìrì rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti ibi tí ẹ kò ronú sí: búréèkì. Nínú ọkọ̀ lásán, gbogbo agbára tí ẹ fi epo kó jọ, bí ẹ bá ti tẹ búréèkì, ooru ló ń dà, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Nínú háíbíríìdì, mọ́tọ̀ oníná á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sínú bátìrì.

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ọkọ̀ lásán ti ń fi epo ṣòfò jù, ibẹ̀ náà ni háíbíríìdì ti ń rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà gbọọrọ tí ẹ kì í ti tẹ búréèkì, èrè rẹ̀ dín kù.

Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ́ńjìnì epo rẹ̀ wù mí púpọ̀. James Atkinson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1882 lórí irú ẹ́ńjìnì kan tó ń fún ooru epo mu dáadáa ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ kéré, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ nílò rẹ̀ jù. Mọ́tọ̀ oníná wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀: láti orí odo ni tọ́ọ̀kì rẹ̀ ti pé, kì í dúró de 1,700, ká má tíì sọ 4,700. Wọ́n so aláìlera tó mọ owó ṣọ́ pọ̀ mọ́ alágbára tí kì í pẹ́ dé. Ní Highlander oní-háíbíríìdì lítà 2.5, agbára ẹṣin jẹ́ 243 péré, ó kéré jù nínú gbogbo wọn, àmọ́ epo tó ń mu jẹ́ nǹkan bíi lítà 6.5 fún kìlómítà 100. Ẹ fi wé 9.4 ti tọ́bò. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 15,000 lọ́dún á fi nǹkan bíi lítà 435 pamọ́. Tọ́bò nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ gbogbo háíbíríìdì kọ́ ni wọ́n ṣe fún epo. Nínú Toyota Grand Highlander, ẹ máa rí méjì: ọ̀kan jẹ́ lítà 2.5, agbára ẹṣin 245; èkejì, Hybrid Max, so tọ́bò lítà 2.4 pọ̀ mọ́ mọ́tọ̀ oníná, ó sì ń fúnni ní 362. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìwà wọn ò jọra. Hybrid Max ń mu nǹkan bíi lítà 8.7 fún kìlómítà 100. Iná tó ní, sísáré ló fi ń ṣe. Ohun kan náà ni Hyundai ṣe sí Palisade ọdún 2026: háíbíríìdì rẹ̀ lágbára ju V6 rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má kàn ní "mo fẹ́ háíbíríìdì". Ẹ béèrè pé fún kí ni wọ́n ṣe é.

Ìbẹ̀rù bátìrì ló kù. Kò ṣàì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di àsọdùn. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2020, Toyota ń fọwọ́ sọ̀yà lórí bátìrì háíbíríìdì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ọdún 10 tàbí kìlómítà 240,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ohun tó sábà ń dá a láàmú ni ooru. Púpọ̀ nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ní ihò tí wọ́n fi ń mí lẹ́bàá ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má fi báàgì dí i, kí ẹ sì máa fọ fítà rẹ̀.

Ẹ̀yà kẹta ni PHEV, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ máa ki mọ́ iná. Bátìrì rẹ̀ tóbi, ó sì lè fi iná nìkan rìn díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì epo tó dá sí i. Ti CX-90 jẹ́ 17.8 kWh (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), EPA sì ní ó lè gbé ọkọ̀ náà rin nǹkan bíi kìlómítà 42. Bí ibi iṣẹ́ yín kò bá jìnnà, tí iná sì wà nílé tí ẹ lè fi rọ ọ́ lálaalẹ́, ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó débi epo. Bí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ ti máa rọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má rà á. Ẹrù bátìrì lásán ni ẹ ó máa fi bẹntiróòlù gbé kiri. Mo le lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé agbára ẹṣin rẹ̀, 323, máa ń fa èèyàn lójú, wọn a sì gbàgbé okùn rẹ̀.

Dísù, iná lásán, àti àpótí jíà

Dísù kò ní pulọ́ọ̀gì; fífún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná ló fi ń tan epo. Tọ́ọ̀kì rẹ̀ pọ̀, ó sì ń tètè dé, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fa nǹkan wúwo fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí àṣírí jìbìtì èéfín Volkswagen ti tú lọ́dún 2015, ó ń kúrò díẹ̀díẹ̀ nínú irú jíìpù yìí. Asẹ́ èéfín rẹ̀ sì kórìíra ìrìn kúkúrú: bí kò bá rí àyè gbóná dáadáa, á dí. Ti oníná pátápátá bíi Kia EV9, ìjíròrò mìíràn ni, kò sí ẹ́ńjìnì níbẹ̀ tí a fẹ́ yàn.

Ohun tí ìwé máa ń kọ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni àpótí jíà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bí agbára ṣe ń dé ẹsẹ̀ táyà. Lọ́dún 2022, Nissan yọ CVT, àpótí jíà tí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì ń yí, kúrò nínú Pathfinder, wọ́n fi jíà 9 dípò rẹ̀, ẹ́ńjìnì sì jẹ́ V6 lítà 3.5 tó wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà di ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: eCVT tó wà nínú háíbíríìdì Toyota kò bá CVT tan rárá. Kò sí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Eyín jíà àti mọ́tọ̀ oníná méjì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì wà lára ohun tó le jù lára ọkọ̀ ọ̀hún.

Bí ẹ bá máa ń fa ọkọ̀ ojú omi tàbí tirélà kékeré, nọ́ńbà mìíràn wà tó ju agbára ẹṣin lọ. Highlander oní-tọ́bò lè fa nǹkan bíi kìlò 2,270. Háíbíríìdì rẹ̀ kò kọjá nǹkan bíi 1,590. Ọkọ̀ kan náà, orúkọ kan náà.

Bí ìwé jíìpù tuntun náà bá wá jáde, ẹ fò kọjá agbára ẹṣin ná. Ẹ wá tọ́ọ̀kì, kí ẹ wo ìgbà mélòó ló gbọ́dọ̀ yí kó tó pé. Ẹ wo irú bẹntiróòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ kékeré. Bí wọ́n bá ní háíbíríìdì ni, ẹ wo bóyá 48V ni, bóyá ó ní okùn, àti lítà mélòó ló ń mu nínú ìgboro. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde kí ọkọ̀ tó dé ọjà lè yí padà, nítorí náà ẹ má san àsansílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá wá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ má dá lọ. Ẹ kó gbogbo ilé sínú rẹ̀, ẹ tan ẹ́síì, kí ẹ sì wá òkè kan gùn láìtẹ tọ́tù kọjá ìdajì.